Orí Keje: Ìdánimọ̀ àti Ìdènà Nínú Gbígba Káàdì Ilé Ìkàwé Gbogbogbò

Ète ẹ̀kọ́

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ka orí yìí tán, ó yẹ kí ó lè:

1. ṣàlàyé ìdí tí ilé ìkàwé gbogbogbò fi ń béèrè ẹ̀rí ìdánimọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ yá ìwé;
2. fi ìyàtọ̀ hàn láàárín ìlànà tó ń dáàbò bo ìwé àti èyí tó kàn ń dá òǹkàwé padà lẹ́nu ọ̀nà;
3. lo ìtàn Alexandria ti 1939 láti ṣàlàyé bí fọ́ọ̀mù ṣe lè di ohun èlò ìyàsọ́tọ̀;
4. yẹ fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ kan wò, kí ó sì tún un kọ lọ́nà tó dára jù.

7.1 Àwọn ọ̀rọ̀ tí a ó máa lò

Ilé ìkàwé gbogbogbò ni ilé ìkàwé tí ìjọba ń fi owó ará ìlú gbé ró, tí ẹnikẹ́ni nínú ará ìlú sì lẹ́tọ̀ọ́ láti lò. Ó yàtọ̀ sí ti yunifásítì, tó jẹ́ ti akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ ibẹ̀. Ó tún yàtọ̀ sí ilé ìkàwé alásansílẹ̀, níbi tó jẹ́ pé ẹni tó bá san owó ọdún ló ń wọlé.

Ẹni tó jókòó sí yàrá ìkàwé, tó kàwé, tó dìde, tó lọ, kò gbé nǹkan kan jáde. Ẹni tó gbé ìwé lọ sílé ni a ń pè ní ayáwèé. Ayáwèé ni orí yìí dá lé lórí, nítorí òun ni wọ́n ń bi ní ìbéèrè jù. Àmọ́ o, àwọn ilé ìkàwé kan wà tó jẹ́ pé ẹni tó kàn fẹ́ jókòó pàápàá ni wọ́n máa ń ní kó kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀.

Ẹ̀rí ìdánimọ̀ ni ìwé tàbí káàdì tó fi hàn pé ẹni tí ènìyàn pe ara rẹ̀ ló jẹ́ lóòótọ́. Ẹ̀rí ibùgbé ni ìwé tó fi hàn pé ibi tó ní òun ń gbé ló ń gbé. Ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù ló da méjèèjì pọ̀, bẹ́ẹ̀ wọn kì í ṣe ohun kan náà. NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ìjọba Nàìjíríà ń fún ènìyàn, lè sọ ẹni tí ènìyàn jẹ́ láìsọ ibi tó sùn lánàá. Bíìlì iná lè sọ ibi tí ilé wà láìsọ ẹni tó ń gbé yàrá kẹrin.

Onídùúró ni ẹni tó fọwọ́ sí i pé òun yóò san owó ìwé bí ayáwèé kò bá dá a padà. Owó ìdógò ni owó tí ayáwèé fi sílẹ̀, tí wọn yóò dá padà fún un nígbà tó bá fi ilé ìkàwé sílẹ̀. Owó ìtanràn ni èyí tó ń san nígbà tí ìwé bá pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ju ọjọ́ tí wọ́n dá lọ.

Nínú orí yìí, ìdènà ni ohunkóhun tó mú kí ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ sí káàdì má rí i gbà, yálà ó wà lórí fọ́ọ̀mù tàbí kò sí níbẹ̀.

7.2 Kí ló fà á tí wọ́n fi ń béèrè?

Ìwé tó wà lórí pẹpẹ ilé ìkàwé jẹ́ ti gbogbo ìlú. Ọjọ́ tí ẹnì kan bá gbé e lọ tí kò dá a padà, gbogbo ìlú ló pàdánù. Nítorí náà, òṣìṣẹ́ tó wà nídìí káńtà nílò láti mọ ẹni tí yóò wá bí ìwé bá pẹ́. Ó tún fẹ́ mọ̀ bóyá ẹni tí káàdì rẹ̀ ti wà ní títì ló padà wá pẹ̀lú orúkọ mìíràn. Ìdí kẹta jẹ mọ́ owó: ilé ìkàwé tí ìjọba kan ń gbé ró máa ń fẹ́ mọ̀ bóyá ẹni tó wá jẹ́ ará àgbègbè tí ìjọba náà ń ṣojú fún.

Ìdí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí dára. Ohun tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ yẹ̀ wò ni ìwọ̀n wọn. Ilé ìfowópamọ́ ní Nàìjíríà ń béèrè BVN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ oníbàárà ilé ìfowópamọ́, láti 2014 nítorí pé òfin ló mú un lé e lórí, àti nítorí pé owó ẹlòmíràn ló wà níbẹ̀ tí olè lè fẹ́ jí. Ilé ìkàwé kò ṣọ́ irú ohun bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń ṣọ́ ni ìwé kan tàbí méjì, tó ti gbó díẹ̀, tí wọ́n sì rà kí àwọn ènìyàn lè máa gbé e lọ sílé. Bí iye ìwé ìdánimọ̀ tí fọ́ọ̀mù kan ń béèrè bá sún mọ́ ti ilé ìfowópamọ́, ẹni tó kọ fọ́ọ̀mù náà ti gbàgbé ohun tó ń ṣọ́.

Ó tún yẹ kí a rántí pé àdánù méjì ló wà. Ilé ìkàwé tó béèrè ohun díẹ̀ lè pàdánù ìwé. Èyí tó béèrè ohun púpọ̀ a pàdánù òǹkàwé. Ìwé tó sọnù máa ń hàn nínú ìṣirò ọdún, nítorí pé ó ní nọ́ńbà. Ẹni tó dé ẹnu ọ̀nà tó padà sílé kò ní nọ́ńbà kankan, kò sì sí ìwé àkọsílẹ̀ tó ń kà á. Èyí wà lára ìdí tí àwọn ìlànà líle fi máa ń pẹ́ láyé.

7.3 Ohun tí wọ́n ń béèrè ní Nàìjíríà

Ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń ṣàkóso ilé ìkàwé gbogbogbò ní Nàìjíríà. Ilé Ìkàwé Orílẹ̀-èdè, tí òfin dá sílẹ̀ ní 1964, ní iṣẹ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Nítorí náà kò sí fọ́ọ̀mù kan ṣoṣo tí gbogbo orílẹ̀-èdè ń lò. Síbẹ̀, ohun tí ẹni tó fẹ́ gba káàdì máa ń bá pàdé jọra ní ọ̀pọ̀ ìlú: fọ́ọ̀mù, fọ́tò pélébé, owó ìforúkọsílẹ̀, ẹ̀rí ìdánimọ̀, àti ojú ìwé kan tí onídùúró gbọ́dọ̀ kọ orúkọ, iṣẹ́ àti àdírẹ́sì rẹ̀ sí kó tó fọwọ́ sí i.

Onídùúró kì í ṣe nǹkan tí àwọn ará ibí dá sílẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́yìn òfin ilé ìkàwé gbogbogbò ti 1850, ọ̀pọ̀ ilé ìkàwé gbà pé ẹni tó ń san owó orí ilé fún ìlú lè dúró fún ara rẹ̀. Ẹni tí kò ní ilé tí yóò san owó orí lé lórí ní láti wá ẹni tó ní in kí ó dúró fún un. Òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́, ọmọ ọ̀dọ̀ àti akẹ́kọ̀ọ́ ni èyí bá jù. Ilé ìkàwé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti pa àṣà yìí tì fún àgbàlagbà, ó sì kù sórí fọ́ọ̀mù tiwa.

Owó náà ní ìtàn tirẹ̀. Ní 1932, wọ́n dá ilé ìkàwé kan sílẹ̀ ní Èkó pẹ̀lú owó ìrànwọ́ láti ọ̀dọ̀ Àjọ Carnegie ti Amẹ́ríkà. Alásansílẹ̀ ni. Wọn kò fi àwọ̀ ara ṣe òfin ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ṣùgbọ́n owó ọdún rẹ̀ ga débi pé àwọn Òyìnbó ló kún inú rẹ̀, ìwọ̀nba díẹ̀ ni ọmọ Áfíríkà tó wà níbẹ̀. Ní 1953, UNESCO pe àwọn amòye jọ sí Ìbàdàn láti jíròrò lórí ìdàgbàsókè ilé ìkàwé gbogbogbò ní Áfíríkà. Ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀ ni Ẹkùn Ìlà-Oòrùn ṣe òfin ilé ìkàwé tirẹ̀. Láti ìgbà náà ni a ti ń fi owó ìlú gbé ilé ìkàwé ró, ṣùgbọ́n àpótí owó ìforúkọsílẹ̀ kò kúrò lórí fọ́ọ̀mù.

7.4 Ibi tí ẹsẹ̀ ti ń kọ́

*7.4.1 Ibùgbé.* Òun ló wọ́pọ̀ jù, òun náà ló díjú jù. Ẹ jẹ́ kí a wo ilé ojúkojú kan ní Ìbàdàn, tó ní yàrá mẹ́wàá, ìdílé mẹ́wàá, àti mítà iná kan ṣoṣo. Orúkọ lánlọ́ọ̀dù ló wà lórí bíìlì. Lánlọ́ọ̀dù náà lè ti kú láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn, kí àwọn ọmọ rẹ̀ má tíì yí orúkọ padà. Bó bá jẹ́ mítà asansílẹ̀ ni, kò tilẹ̀ sí bíìlì tí ẹnikẹ́ni ń pín kiri. Ohun tí ayálégbé ní ni àtẹ̀jíṣẹ́ tó wọlé sórí fóònù, tí nọ́ńbà mítà wà lórí rẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ kò sì sí níbẹ̀. Ìwé àdéhùn ilé ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé risíìtì lásán ni lánlọ́ọ̀dù fún wọn. Àwọn kan kò gba nǹkan kan rí.

Àdírẹ́sì fúnra rẹ̀ tún ń dá wàhálà sílẹ̀. Ẹni tó ń gbé ní ilé kẹta lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ẹ̀rọ ọlọ, mọ ilé rẹ̀ dáadáa, ọlọ́kadà àdúgbò náà sì lè gbé àlejò débẹ̀ láìbéèrè lẹ́ẹ̀mejì. Àpótí orí kọ̀ǹpútà tó ń béèrè nọ́ńbà ilé àti orúkọ òpópónà ni kò ní gbà á. Bákan náà ni fún ọmọ iṣẹ́ tó ń sùn sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá rẹ̀, àti àgùnbánirọ̀ tí yóò kó kúrò ní ìlú bí ọdún rẹ̀ bá pé.

*7.4.2 Káàdì ìdánimọ̀.* Báńkì Àgbáyé fojú bù ú pé nǹkan bí 850 mílíọ̀nù ènìyàn ló wà láyé tí kò ní ìwé ìdánimọ̀ ìjọba kankan. Lára àfojúsùn ìdàgbàsókè tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé kalẹ̀ fún 2030 ni pé kí gbogbo ènìyàn ní irú ìwé bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ìforúkọsílẹ̀ ọmọ tuntun. Ní Nàìjíríà, káàdì ìdìbò kò sí fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, bẹ́ẹ̀ ni láísẹ́ǹsì awakọ̀. Ìwé ìrìnnà òkèèrè ń gba owó tí kò kéré. NIN, tó jẹ́ nọ́ńbà oníhóró 11, ló sún mọ́ gbogbo ènìyàn jù, ọmọdé náà sì lè gbà á. Ní ọdún 2023 iye àwọn tó ti gbà á kọjá 100 mílíọ̀nù. Ìlọsíwájú ńlá nìyẹn. Ṣùgbọ́n nínú orílẹ̀-èdè tí èrò inú rẹ̀ ju 200 mílíọ̀nù lọ, ilé ìkàwé tó bá sọ pé NIN nìkan ni òun yóò gbà ti fi ọ̀kẹ́ àìmọye sílẹ̀ síta.

*7.4.3 Orúkọ tí kò bára mu.* Olúṣẹ́gun wà lórí ìwé ọjọ́ ìbí, Ṣẹ́gun wà lórí ìwé ẹ̀rí iléèwé. Rísíkátù ni wọ́n kọ síbì kan, Rísí ni wọ́n kọ síbòmíràn. Òṣìṣẹ́ tó tẹ orúkọ sórí ẹ̀rọ gbàgbé lẹ́tà kan, tàbí ó gbé orúkọ bàbá sí ipò orúkọ ọmọ. Obìnrin tó lọ sílé ọkọ ti yí orúkọ ìdílé padà lórí káàdì kan, kò sì tíì yí i padà lórí èkejì. Ojú gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ tún àṣìṣe orí NIN ṣe yóò sanwó, àwọn mìíràn a sì tún lọ sí kọ́ọ̀tù lọ gba ìwé ìbúra. Gbogbo èyí nítorí ìwé ìtàn kan tí yóò dá padà lọ́sẹ̀ méjì!

*7.4.4 Onídùúró.* Ẹni tó ti pẹ́ nílùú, tó ní ẹ̀gbọ́n tó jẹ́ tíṣà tàbí òṣìṣẹ́ ìjọba, kò ní ìṣòro. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kò mọ ẹnì kankan. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí kò ní owó ìwé, tí ń wá iṣẹ́, ló nílò ilé ìkàwé jù. Ìbéèrè fún onídùúró tún ń mú kí ènìyàn lọ bẹ ẹni tó jù ú lọ, ojú sì máa ń ti àwọn mìíràn láti ṣe bẹ́ẹ̀.

*7.4.5 Ọmọdé.* Ní ibi púpọ̀, òbí tàbí alágbàtọ́ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù ọmọ. Ọmọ tó ń gbé lọ́dọ̀ ìyá àgbà tí kò mọ̀wé kọ, tàbí lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ tí kò ní ìwé ìgbàtọ́ láti ilé ẹjọ́, wà láàárín méjì. Ìtẹ̀ka ìyá àgbà yẹ kó tó, ṣùgbọ́n kò ní tó àfi bí ìlànà bá sọ bẹ́ẹ̀.

*7.4.6 Èyí tí kò sí lórí fọ́ọ̀mù.* Fọ́ọ̀mù tí a kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan, ní ìlú tí èdè Yorùbá gbilẹ̀, ti yan àwọn tó lè kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì lè lé ọmọ tó wọ sálúbàtà padà kí ó tó rí káńtà. Gbèsè àtijọ́ náà ńkọ́? Ọmọ tó sọ ìwé nù ní kíláàsì kẹta lè dàgbà kó má padà wá mọ́, nítorí ó rò pé orúkọ òun ṣì wà nínú ìwé gbèsè.

7.5 Àpẹẹrẹ láti inú ìtàn: Alexandria, 1939

Ìlú Alexandria wà ní ìpínlẹ̀ Virginia, ní Amẹ́ríkà, kò jìnnà sí Washington. Ní 1937 ni wọ́n ṣí ilé ìkàwé gbogbogbò rẹ̀ ní òpópónà Queen. Owó orí gbogbo ará ìlú ni wọ́n fi ń gbé e ró, aláwọ̀ dúdú pẹ̀lú, ṣùgbọ́n funfun nìkan ló lè gba káàdì níbẹ̀.

Samuel Wilbert Tucker jẹ́ lọ́yà aláwọ̀ dúdú, ọmọ bíbí ìlú náà. Ní oṣù kẹta 1939, òun àti George Wilson, sójà tó ti fẹ̀yìn tì, lọ béèrè káàdì. Wọn kò fún wọn. Tucker pe ẹjọ́ ní orúkọ Wilson. Nígbà tí ẹjọ́ náà ń fà, ó kó àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan jọ, ó sì kọ́ wọn ní ohun tí wọn yóò ṣe.

Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ, ọ̀dọ́kùnrin kan wọ aṣọ tó dára, ó wọ ilé ìkàwé náà, ó sì fi ọ̀wọ̀ ní òun fẹ́ gba káàdì. Òṣìṣẹ́ ní kò ṣeé ṣe. Kò jiyàn. Ó lọ sídìí pẹpẹ, ó mú ìwé kan, ó jókòó, ó ń kà á. Láìpẹ́ èkejì wọlé, ó béèrè ohun kan náà, wọ́n dá a lóhùn bákan náà, ó mú ìwé tirẹ̀ ó sì jókòó sí tábìlì mìíràn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe títí wọ́n fi pé márùn-ún: William Evans, Otto Tucker, Edward Gaddis, Morris Murray àti Clarence Strange. Wọn kò sọ̀rọ̀ síra wọn. Ọlọ́pàá dé, wọ́n kó wọn, ẹ̀sùn tí wọ́n sì fi kàn wọ́n ni pé wọ́n ń da àlàáfíà rú.

Adájọ́ kò dá ẹjọ́ wọn rárá; ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹjọ́ Wilson ló kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́ jù fún orí yìí. Ní oṣù kìíní 1940, ilé ẹjọ́ kọ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀, kì í ṣe nítorí àwọ̀ rẹ̀, bí kò ṣe nítorí àléébù tí wọ́n rí nínú ọ̀nà tó gbà béèrè fún káàdì. Adájọ́ kan náà sọ pé òun kò rí òfin tó ní kí wọ́n má fún aláwọ̀ dúdú ní káàdì. Nígbà tí àwọn aláṣẹ ìlú rí i pé ìlẹ̀kùn fẹ́ ṣí, wọ́n sáré kọ́ ilé mìíràn fún àwọn aláwọ̀ dúdú, Robert Robinson Library, tí wọ́n ṣí ní ọdún náà. Ó kéré, ìwé rẹ̀ kò tó nǹkan. Wọ́n fún Tucker ní káàdì ibẹ̀. Ó kọ lẹ́tà pé òun kò gbà á ní ìrọ́pò káàdì tí òun béèrè. Ó di 2019, 80 ọdún gbáko, kí ilé ẹjọ́ tó fagi lé ẹ̀sùn àwọn márùn-ún náà.

Ẹ kíyè sí bí ìdí ṣe ń yí padà: àwọ̀ ara lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àléébù orí fọ́ọ̀mù ní kọ́ọ̀tù, ilé mìíràn lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ dí ènìyàn lọ́nà kì í ṣaláìrí ìwé tí kò pé.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló gba ọ̀nà kọ́ọ̀tù. Òǹkọ̀wé Richard Wright sọ nínú ìwé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ pé nígbà tí òun wà ní ìlú Memphis, káàdì òṣìṣẹ́ aláwọ̀ funfun kan ni òun fi ń yá ìwé, pẹ̀lú lẹ́tà tí òun fúnra òun kọ bí ẹni pé ọkùnrin náà ló rán òun níṣẹ́.

7.6 Òfin àti ìwé ìlànà

Ìwé ìlànà tí UNESCO kọ́kọ́ gbé jáde ní 1949 fún ilé ìkàwé gbogbogbò ti ní àtúnṣe mẹ́ta: 1972, 1994 àti 2022. Òun àti ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn ilé ìkàwé, IFLA, ló jọ ṣe àwọn tó kẹ́yìn. Ó sọ pé ilé ìkàwé gbogbogbò wà fún gbogbo ènìyàn, láìka ọjọ́ orí, ẹ̀yà, akọ tàbí abo, ẹ̀sìn, orílẹ̀-èdè, èdè tàbí ipò sí, àti pé ọ̀fẹ́ ló yẹ kó jẹ́. Ìwé ìlànà kì í ṣe òfin. Kò sí kọ́ọ̀tù tí ènìyàn lè gbé e lọ.

Òfin tó ní agbára ni ti ilẹ̀ England àti Wales ní 1964. Ó kan ìjọba ìbílẹ̀ nípá láti yá àwọn tó ń gbé àgbègbè náà ní ìwé, àti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, àti àwọn tó ń kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ ní gbogbo àkókò. Kò sì gbà kí wọ́n gba owó fún yíyá ìwé. Ọgbọ́n ńlá wà nínú ọ̀nà mẹ́ta yẹn. Ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní àdúgbò mìíràn ní Lọ́ńdọ̀nù ṣùgbọ́n tó ń ṣiṣẹ́ ní Peckham lẹ́tọ̀ọ́ sí ilé ìkàwé Peckham gẹ́gẹ́ bí onílé ibẹ̀. Òfin náà sọ ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́, kò sì to irú ìwé tí yóò fi jẹ́rìí lẹ́sẹẹsẹ. Ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni wọ́n fi ìyẹn sí, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń béèrè bíìlì, tí àwọn kan kò sì béèrè nǹkan kan.

7.7 Ohun tí àwọn ilé ìkàwé kan ti ṣe

*Ìlú New York.* Ẹnikẹ́ni tó bá ń gbé, tó ń ṣiṣẹ́, tó ń kẹ́kọ̀ọ́, tàbí tó ń san owó orí ilé ní ìpínlẹ̀ New York lè gba káàdì ní New York Public Library lọ́fẹ̀ẹ́. Ní oṣù kìíní 2015, ìjọba ìlú náà bẹ̀rẹ̀ sí í pín káàdì ìdánimọ̀ tirẹ̀, IDNYC. Wọn kì í bi ẹni tó wá gbà á bóyá ó ní ìwé ìgbélùú. Káàdì náà ṣeé so mọ́ ilé ìkàwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà ní ìlú náà, kí ó sì di káàdì ìyáwèé. Èyí ran àlejò lọ́wọ́ púpọ̀, nítorí pé ẹni tó ń bẹ̀rù àwọn aláṣẹ kì í fẹ́ kọ orúkọ rẹ̀ síbi tí ìjọba wà.

Owó ìtanràn ló kù. Tẹ́lẹ̀, ẹni tí gbèsè rẹ̀ bá ti pé dọ́là 15, káàdì rẹ̀ máa ń tì. Nígbà tí wọ́n ṣírò rẹ̀, nǹkan bí 400,000 ènìyàn ni káàdì wọn wà ní títì ní ilé ìkàwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àwọn àdúgbò tí owó kò pọ̀ sí ni ó sì pọ̀ jù. Ní oṣù kẹwàá 2021 wọ́n fagi lé owó ìtanràn, wọ́n sì pa gbèsè àtijọ́ rẹ́. Ẹni tó bá sọ ìwé nù ṣì ń san owó rẹ̀. Chicago ti ṣe irú rẹ̀ ní 2019.

*Ẹ̀rí tó rọrùn.* Àwọn ilé ìkàwé kan, bí ẹnì kan kò bá ní ẹ̀rí ibùgbé, máa ń fi káàdì ìfìwéránṣẹ́ ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì tó fi sílẹ̀. Bó bá mú un wá, ó ti fi hàn pé lẹ́tà lè bá òun níbẹ̀. Ní ibi tí ilé ìfìwéránṣẹ́ kò ti lágbára, ìpè tàbí àtẹ̀jíṣẹ́ sórí fóònù lè ṣe iṣẹ́ kan náà. Lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá iléèwé, páítọ̀, lèmọ́ọ̀mù tàbí baálẹ̀ náà wúlò. Ó dín owó kù, ṣùgbọ́n ìṣòro onídùúró ṣì wà nínú rẹ̀ díẹ̀.

*Káàdì ìbẹ̀rẹ̀.* Èyí ni kí ẹni tí ìwé rẹ̀ kò pé gba káàdì tó ń jẹ́ kó yá ìwé kan tàbí méjì lẹ́ẹ̀kan. Bó bá ń dá a padà déédéé, kí wọ́n fi kún un. Ìlànà yìí bá ìdí tí a sọ ní 7.2 mu jù: ewu tí ilé ìkàwé gbé dúró kò ju ìwé méjì lọ, ìwà ayáwèé fúnra rẹ̀ ló sì ń di ẹ̀rí.

7.8 Àṣírí ẹni tó forúkọ sílẹ̀

Ohun tí ilé ìkàwé bá gbà sílẹ̀ di ẹrù lọ́rùn rẹ̀. Fọ́ọ̀mù tó ń béèrè ẹ̀sìn, ìpínlẹ̀ tí ènìyàn ti wá, iye owó oṣù tàbí ẹ̀dà NIN ń kó ohun tí kò nílò jọ sínú fáìlì tí ẹnikẹ́ni lè ṣí. Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti Nàìjíríà, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2023, sọ pé ohun tó bá pọn dandan fún iṣẹ́ náà nìkan ni kí a gbà lọ́wọ́ ènìyàn, kí a má sì tọ́jú rẹ̀ kọjá ìgbà tó wúlò. Ní ìṣe, òṣìṣẹ́ lè wo káàdì ìdánimọ̀, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ti rí i, kí ó sì dá a padà fún ẹni tó ni ín. Kò sí ìdí fún fọ́tókópì.

Ohun tí ènìyàn yá náà wà lára àṣírí rẹ̀. Ẹni tó yá ìwé lórí àìsàn kan tàbí lórí ìkọ̀sílẹ̀ kò fẹ́ kí ará àdúgbò gbọ́.

Àwọn kókó inú orí yìí

- Ẹ̀rí ìdánimọ̀ àti ẹ̀rí ibùgbé kì í ṣe ohun kan náà. Kí fọ́ọ̀mù yà wọ́n sọ́tọ̀.
- Ìwọ̀n ìbéèrè yẹ kó bá iye ohun tí a ń ṣọ́ mu.
- Ibùgbé, orúkọ tí kò bára mu, onídùúró àti gbèsè àtijọ́ ni ìdènà tó wọ́pọ̀. Àwọn mìíràn kò sí lórí fọ́ọ̀mù rárá.
- Káàdì ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀rí tó rọrùn, káàdì ìdánimọ̀ ìlú àti fífagi lé owó ìtanràn wà lára ọ̀nà tí a ti gbìyànjú.

Ìdánrawò

*A. Ìbéèrè kúkúrú*

1. Fún àwọn wọ̀nyí ní ìtumọ̀ ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan: ayáwèé, owó ìdógò, onídùúró, ilé ìkàwé alásansílẹ̀.
2. Ọ̀nà mẹ́ta wo ni òfin 1964 ti England àti Wales fi mọ ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ sí ìyáwèé?
3. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín owó ìtanràn àti owó ìwé tó sọnù? Èwo ni New York fagi lé?

*B. Ìbéèrè aláròjinlẹ̀*

4. Ilé ìkàwé Èkó ti 1932 àti ti Alexandria ti 1937 kò gba àwọn aláwọ̀ dúdú lọ́nà kan náà. Fi wọ́n wé ara wọn. Èwo ló rọrùn láti gbé lọ sí ilé ẹjọ́, kí sì nìdí?
5. Kí ni Tucker ì bá jèrè bó bá gba káàdì Robinson Library? Kí ni ì bá pàdánù?
6. Ọmọ iṣẹ́ télọ̀ kan, ọmọ ọdún 16, ń sùn sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá rẹ̀ ní Òṣogbo. Ó ní ìwé ẹ̀rí iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kò ní NIN, òbí rẹ̀ wà ní abúlé. To gbogbo ìdènà tí yóò bá pàdé, lẹ́yìn náà sọ èyí tí ilé ìkàwé lè mú kúrò lọ́jọ́ kan náà láìná kọ́bọ̀.
7. Olórí ilé ìkàwé kan sọ pé bí òun bá yọ onídùúró kúrò, ìwé yóò sọnù. Irú àkọsílẹ̀ wo ni ẹ ó ní kó mú wá kí ẹ tó gbà tàbí kí ẹ tó jiyàn?

*D. Iṣẹ́ àṣetiléwá*

8. Ẹ lọ gba fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ ní ilé ìkàwé gbogbogbò tó sún mọ́ yín jù. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, kọ ohun tó ń dáàbò bò. Fa ìlà sí èyí tí ẹ kò rí ìdí fún.
9. Ní ẹgbẹ́ ẹni mẹ́rin-mẹ́rin, tún fọ́ọ̀mù náà kọ ní èdè Yorùbá sórí ojú ìwé kan ṣoṣo, kí ó ní ààyè fún àdírẹ́sì tí kò ní nọ́ńbà ilé àti fún ìtẹ̀ka ẹni tí kò mọ̀wé kọ. Mú un lọ fún òṣìṣẹ́ káńtà ibẹ̀, kí ẹ sì kọ ohun tó sọ nípa rẹ̀ sílẹ̀.